Ejẹ́ńtì inú kọ̀ǹpútà: bí oníṣòwò Rẹ́mọ ṣe lè rán an ní iṣẹ́ ìròyìn ọjà

Kò sí oníṣòwò kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tí kò mọ ejẹ́ńtì. Ejẹ́ńtì ilé wà, ejẹ́ńtì ilẹ̀ wà, ejẹ́ńtì tí ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà sì wà. Ọ̀nà iṣẹ́ wọn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ náà kan náà ni: ẹni tí ó rán wọn kò sí níbẹ̀, àwọn ni ojú rẹ̀, àwọn ni etí rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n jẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń wá bí wọn yóò ṣe gbé irú iṣẹ́ yìí lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Orúkọ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n ṣe kò sì jìnnà sí èyí tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Ejẹ́ńtì ni wọ́n pè é.

Ètò orí kọ̀ǹpútà ni. A rán an níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó rán an jókòó tì í. Èyí ni ó fi yàtọ̀ sí ibi tí ènìyàn ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Google. Bí oníṣòwò bá béèrè iye tí kòkó jẹ́ lónìí, Google yóò dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ parí. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, àfi kí ó tún béèrè. Ejẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò lè sọ fún un pé: “Ní àràárọ̀, wo iye kòkó ní New York, ṣí i sí náírà, kí o fi wé iye tí mo rà á ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sókè tàbí wálẹ̀, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má ṣe dà mí láàmú.” Ó ní iṣẹ́ tí ó ń lépa, ó ń ṣọ́ nǹkan, ó rántí ohun tí ó rí lánàá, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ ejẹ́ńtì ẹlẹ́ran ara.

Ta ni ó mọ iye ọjà?

Ìkẹ́nnẹ́ jẹ́ ìlú tí ọ̀rọ̀ ìròyìn ọjà bá mu dáadáa. Kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní ìlú náà ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909, tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ra irè oko tà, ó sì ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Ó ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ó sì kópa nínú kíkó àwọn oníṣòwò irè oko jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ra irè oko tà ní àwọn ọdún náà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ẹlòmíràn máa sọ iye ọjà ẹni fún ẹni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC ni wọ́n ń kó kòkó lọ sí òkè òkun nígbà náà. Ní 1937, wọ́n ṣe àdéhùn láàrin ara wọn, ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà, nípa iye tí wọn yóò máa san, kí ẹnì kan má baà san ju ẹnì kejì lọ. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast fárígá. Wọ́n kọ̀, wọn kò ta kòkó wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ ìwádìí wá ní 1938. Àdéhùn náà lágbára nítorí pé ẹni tí ń rà mọ iye tí kòkó jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ń tà kò sì mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ni wáyà tí ń gbé ìròyìn wá láti òkè òkun ń dé, kì í dé abà.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba gba òwò náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù kòkó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ti Ìwọ̀ Oòrùn sì tẹ̀lé e ní 1954. Bọ́ọ̀dù ni ó ń pe iye, iye tí ó bá pè ni àgbẹ̀ yóò gbà, nítorí náà kò sí ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ fi ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ṣe. Ní 1986 ni ìjọba tú àwọn bọ́ọ̀dù náà ká. Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti ń fi ojú ara rẹ̀ wá iye ọjà.

Bí ó ti ṣe pàtàkì tó hàn gbangba láàrin 2022 sí 2025. Ní ìparí 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan ní New York kò tó 3,000 dọ́là. Ní oṣù kejìlá 2024, ó kọjá 12,000. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 7,000. Náírà pàápàá kò dúró lójú kan: lẹ́yìn tí Bánkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 470 náírà di èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 1,500 ní 2024. Bí a bá fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, tọ́ọ̀nù kòkó tí ó jẹ́ 12,000 dọ́là di mílíọ̀nù 18 náírà, èyí tí í ṣe 18,000 náírà fún kílò kan. Ní 6,000 dọ́là, kílò kan náà di 9,000. Owó ọkọ̀, owó èbúté àti èrè àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà ni wọn yóò tún yọ kúrò kí ó tó kan àgbẹ̀. Alájàpá tí ó bá kó kòkó jọ sí ilé ìkẹ́rùsí nígbà tí iye rẹ̀ wà lókè, tí kò sì gbọ́ pé ó ti ń bọ̀ wálẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àti owó òwò ọdún tí ń bọ̀ ni ó wà nínú ewu.

Láti ìsọ̀ àwo orin dé ChatGPT

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ obìnrin kan, Pattie Maes, tí ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ ejẹ́ńtì di mímọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ tí ó gbé jáde ní 1994, ó ṣàlàyé pé ìròyìn ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn kan lè kà lọ, àti pé ètò kọ̀ǹpútà lè máa wo bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń ṣètò lẹ́tà àti ìpàdé rẹ̀, kí ó kọ́ ọ, kí ó sì máa bá a ṣe é. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ Andersen Consulting gbé BargainFinder jáde. Iṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe. Ènìyàn yóò dárúkọ àwo orin kan, BargainFinder yóò yí ká àwọn ìsọ̀ tí ń ta àwo orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì padà wá sọ iye tí oníkálukú ń tà á. Inú àwọn oníbàárà dùn. Inú àwọn ìsọ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú wọn sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye nìkan wọ̀n wọ́n. Ìyá oníṣu tí ẹnì kan dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tí ó ń fi ohùn rara pe iye tí aládùúgbò rẹ̀ ń tà, yóò lóye ìbínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù karùn-ún 2000, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní California pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ Bidder's Edge dẹ́kun rírán ẹ̀rọ rẹ̀ wọ inú ibi ìtajà eBay, níbi tí ó ti ń wọlé tó nǹkan bíi 100,000 ìgbà lójúmọ́. Ṣáájú èyí, láti 1994, ni àṣà kan ti wà pé ẹni tí ó ni ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì lè fi ìwé kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní robots.txt, sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti sọ ibi tí ẹ̀rọ àlejò lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Ìwé náà kò ní àgádágodo. Ẹ̀rọ tí ó bá ní ìwà ni ó ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ejẹ́ńtì ìgbà náà kò gbọ́n tó bí orúkọ rẹ̀ ti dún. Bí ìsọ̀ bá gbé iye ọjà kúrò ní apá ọ̀tún ojú ewé sí apá òsì, ó lè má rí i mọ́. Ohun tí ó yí èyí padà ni àwọn ètò tí ó lè ka gbólóhùn bí ènìyàn ti ń kọ ọ́, kí wọ́n sì fèsì, irú èyí tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ láti ìgbà tí OpenAI gbé ChatGPT jáde ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, 2022. Láti 2024 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń gbé èyí tí ó lè ṣí ojú ewé, tí ó lè tẹ bọ́tìnì, tí ó lè ka ìwé ìṣirò, tí ó sì lè kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ jáde.

Ní Nàìjíríà, nídìí ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ bá ẹ̀rọ tí ń fèsì pàdé. Kudi, tí ó yí orúkọ padà sí Nomba ní 2022, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ lórí Facebook Messenger. Báǹkì UBA gbé Leo jáde ní oṣù kìíní 2018. Wọ̀nyí kò tíì jẹ́ ejẹ́ńtì ní kíkún, nítorí ohun tí a bá béèrè nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Ohun tí a kò kọ, ẹ̀rọ kò lè kà á

Ohun tí ó wà ní kíkọ fún oníṣòwò Ìkẹ́nnẹ́ kò kéré. Àjọ Kòkó Àgbáyé, ICCO, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abidjan láti 2017, ń tẹ iye kòkó jáde lójoojúmọ́ iṣẹ́. Bánkì Àpapọ̀ ń tẹ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là àti pọ́n-ùn jáde. Àjọ NBS tí ń ka nǹkan fún ìjọba àpapọ̀ ń gbé iye gàrí, ẹ̀wà, iṣu, ìrẹsì àti epo pupa jáde ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀. NiMet ń sọ bí òjò yóò ti rí kí àkókò ìgbìn tó dé. Àjọ CAC tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ń jẹ́ kí ènìyàn wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ilé-iṣẹ́ tí ń bẹ owó ẹrù ṣáájú wà nínú ìwé. Ejẹ́ńtì lè máa yí ká gbogbo ibi wọ̀nyí ní àràárọ̀ kí ó sì kó ohun tí ó bá rí sí ojú ewé kan ṣoṣo.

Ìkẹ́nnẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ yìí, nítorí pé IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ní oko ìwádìí ní ìlú náà. IITA ni ó darí iṣẹ́ tí ó bí AKILIMO, ètò orí fóònù fún àwọn tí ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà àti Tanzania. Ó ń béèrè ibi tí oko wà, bí ó ti tóbi tó, iye tí ajílẹ̀ jẹ́ àti iye tí àgbẹ̀ lérò pé òun yóò ta ẹ̀gẹ́, kí ó tó sọ fún un bóyá owó ajílẹ̀ náà yóò padà wá tàbí kò ní padà wá. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì lè dára ju iye tí àgbẹ̀ fi sí i lọ. Bí àgbẹ̀ bá fi iye ọjà ọdún tí ó kọjá sí i, ìmọ̀ràn ọdún tí ó kọjá ni yóò gbà.

Gbàǹja ni ó fi ibi tí ẹ̀rọ kò lè dé hàn jù. Ṣágámù, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ojúkò òwò gbàǹja ní ilẹ̀ Yorùbá. Inú oko Rẹ́mọ àti àyíká rẹ̀ ni èso náà ti ń wá, àwọn oníṣòwò Haúsá tí ń gbé ní Sàbó sì ń fi í ránṣẹ́ sí Kánò àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya. Gbàǹja funfun kì í jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú pupa. Ńlá kì í jẹ́ iye kékeré. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ojú rere wò ó. Àwọn obìnrin tí ń bó o, tí ń ṣà á, tí ń fi ewé wé e sínú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ, mọ gbogbo èyí bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ẹnu ni iye rẹ̀ wà. Alárinà pe Kánò lórí fóònù, ó gbọ́ ohun tí ó gbọ́, ó gbé e mì, ó sì sọ èyí tí ó wù ú fún ẹni tí ó gbé ẹrù wá. Bí ejẹ́ńtì bá lọ wá iye gbàǹja Ṣágámù, ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó rí ni àpilẹ̀kọ àtijọ́, ìpolówó ẹni tí ń wá oníbàárà ní òkè òkun, àti iye kan tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ láìsọ bóyá ti apẹ̀rẹ̀ ni tàbí ti àpò. Ibi tí ewu wà ni pé kì í sábà wí pé òun kò rí nǹkan kan. Yóò mú èyí tí ó rí, yóò sì fi ohùn ìdánilójú sọ ọ́.

Ní Ghana, àwọn kan ti rí i tipẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 pẹ̀lú orúkọ TradeNet, tí ó di Esoko ní 2009, fi ènìyàn sínú ọjà. Wọ́n ń béèrè iye lọ́wọ́ àwọn tí ń tà, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi í ránṣẹ́ sí fóònù àgbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé láti Yunifásítì New York ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn àgbẹ̀ oníṣu tí ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà rí owó tí ó lé díẹ̀ lórí iṣu wọn. Ní orílẹ̀-èdè Niger, Jenny Aker fi hàn pé nígbà tí fóònù alágbèéká ń tàn kálẹ̀ láàrin 2001 sí 2006, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iye ọkà ní ọjà kan àti òmíràn dín kù ní ìdá 10 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ejẹ́ńtì kankan nínú èyí. Fóònù lásán ni, èyí tí Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò káàkiri láti oṣù kẹjọ 2001.

Bí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta gbàǹja bá ń kọ iye ọjà sílẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ti funfun lọ́tọ̀, ti pupa lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀, ejẹ́ńtì yóò rí nǹkan jẹ. Alárinà kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ìròyìn náà gan-an ni ọjà tí ó ń tà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Ó mọ ẹni tí kì í san gbèsè. Ó ń dúró fún ẹni tí ó kó ẹrù lọ ní àwìn, bí owó kò bá sì dé, ojú rẹ̀ ni wọn yóò wá wò. Ejẹ́ńtì inú kọ̀ǹpútà kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ̀n, àmì ohùn àti irọ́

Bí ìròyìn bá tilẹ̀ wà ní kíkọ, ọgbọ́n kù. NBS ń fi kílò pe iye gàrí, kóńgò ni ọjà Ìkẹ́nnẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n, bí alátà kan sì ṣe ń kó tirẹ̀ ga kọ́ ni èkejì ṣe ń kó o. Lọ́ńdọ̀nù ń fi pọ́n-ùn pe iye tọ́ọ̀nù kòkó, New York ń fi dọ́là pè é, ejẹ́ńtì tí kò bá sì ṣọ́ra lè kà á bí ẹni pé owó kan náà ni. Iye tí ìwé ìròyìn sì máa ń gbé jáde sábà máa ń jẹ́ ti kòkó tí wọn yóò gbé sílẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Kì í ṣe iye tí ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n dání ní Rẹ́mọ yóò san lónìí. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ rán ejẹ́ńtì níṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ owó wo, ìwọ̀n wo, ọjọ́ wo, kí ó sì pàṣẹ pé kí ó máa fi ibi tí ó ti rí ìròyìn hàn.

Èdè Yorùbá náà ní tirẹ̀. Igba jẹ́ òǹkà, igbá jẹ́ ohun ìbùwọ̀n, ìgbà jẹ́ àkókò, igbà jẹ́ ohun tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí kò ní àmì kankan lórí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ́ igba. Ẹni tí ó mọ ọjà yóò fi ojú inú yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kà lè má lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé N-ATLAS jáde ní oṣù kẹsàn-án 2025, ètò tí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń sọ ọ́ kọ́. Iṣẹ́ púpọ̀ ṣì wà níwájú lórí ọ̀rọ̀ ọjà.

Irọ́ ni ó burú jù. Ní oṣù kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò kan lórí, nítorí wọ́n kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ lọ síwájú ilé ẹjọ́ nínú ẹ̀sùn tí oníbàárà wọn fi kan Avianca. Ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Ní oṣù kejì 2024, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan ní Kánádà dá Air Canada lẹ́bi, nítorí pé ẹ̀rọ afèsì rẹ̀ sọ fún arìnrìnàjò kan tí ń lọ sìnkú pé ó lè gba ẹ̀dínwó lẹ́yìn tí ó bá ti san owó ọkọ̀ tán, tí òfin ilé-iṣẹ́ náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà gbìyànjú láti wí pé ẹ̀rọ ni ó ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kan oníṣòwò Ìkẹ́nnẹ́ gbọ̀ngbọ̀n: ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ ejẹ́ńtì rẹ̀ fún oníbàárà ni ó ni ín, ì báà ṣe iye ọjà, ì báà ṣe ìlérí pé ẹrù yóò dé lọ́jọ́ báyìí.

Ìwé inú ilé

Ó ṣeé ṣe kí èrè tí ó súnmọ́ jù má jẹ́ ti ìròyìn òkè òkun rárá. Àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì, rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà lórí WhatsApp, orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè: inú fóònù kan náà ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì túká. Ejẹ́ńtì lè kó wọn jọ, kí ó sọ ẹni tí ó jẹ ọ̀ọ́dúnrún kílò kòkó láti oṣù tí ó kọjá, kí ó sì sọ ọ̀sẹ̀ tí owó ọkọ̀ ti jẹ èrè run. Níbí, ìròyìn tòótọ́ wà lọ́wọ́, oníṣòwò fúnra rẹ̀ sì lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣì í kà. Ẹni tí kò ní ìwé kankan, tí orí rẹ̀ nìkan ni ìwé rẹ̀, ejẹ́ńtì kò ní ohun tí yóò bá a tò.

Ìwé náà kì í ṣe ti oníṣòwò nìkan ṣá. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè oníbàárà wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì ní òfin tí ó dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, tí ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Kí ènìyàn tó da àkọsílẹ̀ oníbàárà sínú ètò ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun, ó yẹ kí ó mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì, BVN àti ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ejẹ́ńtì kankan, bí ó ti wù kí ó bẹ̀bẹ̀ tó.

Àṣẹ láti wò àti àṣẹ láti ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Ejẹ́ńtì tí ń wo iye ọjà, bí ó bá ṣìṣe, ìròyìn ni ó bà jẹ́. Èyí tí ó ní àṣẹ láti sanwó tàbí láti gba ẹrù, owó ni yóò bà jẹ́. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ dán an wò kí àsìkò ìkórè kòkó tó wọlé ní nǹkan bí oṣù kẹwàá lè fún un ní iṣẹ́ ẹyọ kan: iye kòkó ní New York, tí ó ti ṣí sí náírà fún kílò kan, pẹ̀lú ibi tí ó ti rí i, ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tí olùrà kòkó ń pè ní Ìkẹ́nnẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, yóò ti rí bí àlàfo tí ó wà láàrin iye méjèèjì ti tóbi tó, àti iye ìgbà tí ejẹ́ńtì ṣìṣe.